Àwọ̀n Ejinrin Tó Gba Ọkọ Mi Lọ́wọ́ Ajínigbé

Ìjọ Ọlọ́run, mo kí yín o. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ pé aṣọ ọpẹ́ ni mo wọ̀ wá síbí lónìí, kì í ṣe aṣọ ọ̀fọ̀. Èmi ni Ìyá Tóyìn tó ń ta páàtì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo, ní Ìkòròdú wa níbí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi. Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́, mo sì ti gbọ́, àmọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi yìí, bí mo bá gé e kúrú, mo ti jí nínú ògo rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, ló ń wa ọkọ̀ ojú omi láti Ipakodo lọ sí Ejinrin àti Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ṣakí ni. Nígbà tó kọ́kọ́ débí, bí a bá wọ ọkọ̀, ńṣe ló máa ń di ìjókòó mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn apẹja Ejinrin ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ojú omi. Lónìí, ó mọ omi yẹn ju ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ lọ.

Kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tọkàn mi nípa ètò ààbò ìlú yìí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní mítíìnì àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, ọjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé, ẹnì kan dìde, ó ní kí a lé gbogbo àlejò tó háyà ilé kúrò ní Ìkòròdú. Mo bi í pé ṣé kí n lọ sọ fún ọkọ mi kó di ẹrù rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé agbésùnmọ̀mí ò ní ẹ̀yà, kò ní ẹ̀sìn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ta àdúgbò fún wọn lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà síbí.

Mo tún sọ níjọ́ náà pé ìjọba kó gbogbo ojú sórí títì. Wọ́n á dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, wọ́n á bi í ní pépà. Ta ló ń bi ọkọ̀ tó ń gba ojú omi? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wá ní jàǹbá kò ní gba ibi tí sójà dúró sí. Mo wá sọ ọ̀kan tó kù, òun ló fẹ́ kó bá mi: mo ní kí ẹnikẹ́ni má san owó fún ajínigbé mọ́, torí owó tí a bá san lónìí ni wọ́n á fi ra ìbọn tí wọ́n á fi mú ọmọ ẹlòmíràn lọ́la. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n jí ọkọ mi gbé.

Ọjọ́ ọjà Ejinrin ni. Ó ti já èrò, ó ń múra àtipadà wálé, ni àwọn ọkùnrin kan bá háyà ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n láwọn ń lọ wo ilẹ̀ tí àwọn fẹ́ rà. Bí wọ́n ṣe kọjá ibi tí ilé pin sí, wọ́n yọ ìbọn sí i. Ọ̀sán ni fóònù mi dún. Ohùn ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò sọ ju "Ìyá Tóyìn, má sunkún" lọ tí ẹlòmíràn fi gba fóònù, tó sọ iye tí wọ́n fẹ́, tó sì ní ọjọ́ kejì ni àwọn ń retí èsì. Mi ò ní dárúkọ iye yẹn nínú ilé Ọlọ́run.

A lọ bá àwọn aláṣẹ. Wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n ní kí a fọkàn balẹ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa jáde sórí omi, wọ́n ní àwọn ń retí àṣẹ. Ẹ̀yin ará, mo ti ń ta páàtì ẹ́ńjìnì láti ìgbà tí Tóyìn ti wà lẹ́yìn mi, mi ò sì tíì rí àṣẹ tó ń gbé ọkọ̀ rìn. Mo bá wọn lò jẹ́jẹ́, mo padà sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Ìbàdàn. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo sọ ní mítíìnì. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó? Ṣé àbúrò mi lo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún aráyé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, ẹ ta ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ta ilẹ̀ wa. Ọkọ mi ni mo fẹ́." Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Ohun tí mo sọ, mo ṣì ń sọ ọ́. Mo kàn fi kún un báyìí pé ìjọba tó bá ní kí n má sanwó, òun ló gbọ́dọ̀ lọ bá mi gbé èèyàn mi wá. Bí kò bá lè gbé e wá, kó má fi òfin dí mi lọ́wọ́. Èrò tèmi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lẹ́nu mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìyá ìjọ wá bá mi nílé. Mo dúró lẹ́yìnkùlé, mo kọjú sí ibi tí omi wà, mo ní, "Olúwa, àwọn tó yẹ kó jáde ò tíì jáde. Ìwọ ti wà níbẹ̀ ní tìrẹ. Mi ò mọ ohun tí o máa lò. Fi ohunkóhun dì wọ́n lẹ́sẹ̀." Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àwọn gan-an ni àmín wọn sì ròkè jù.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Àárọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ajínigbé ń gbé e kúrò níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Inú ọkọ̀ rẹ̀ náà ni. Wọ́n dì í lọ́wọ́ dì í lẹ́sẹ̀, wọ́n di aṣọ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n fi tapólì bò ó, ọ̀kan nínú wọn wá ń wa ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Àwọ̀n ló máa ń kún ojú omi Ejinrin láàárọ̀. Gbogbo awakọ̀ ibẹ̀ ló mọ̀ pé bí èèyàn bá ti rí àwọn ike tó léfòó tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n, á pa ẹ́ńjìnì, á gbé e sókè, á wá fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kọjá. Ọkọ mi ní bí òun ṣe ń gbọ́ igbe ẹ́ńjìnì lábẹ́ tapólì, òun sọ lọ́kàn òun pé àwọn èèyàn yìí máa gé àwọ̀n ẹni ẹlẹ́ni. Onílẹ̀ a tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù.

Wọ́n gé e lóòótọ́. Àwọ̀n Bàbá Músílíù, olórí àwọn apẹja Ejinrin, ni wọ́n gé. Níbẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá gé àwọ̀n ẹnì kan, onítọ̀hún á fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó wá, òun náà á sì lu tirẹ̀ fún àwọn tó wà lókèèrè. Ẹni tí kò bá wá, ọjọ́ tí wọ́n bá gé tirẹ̀, òun nìkan ló máa dá jìyà rẹ̀. Bàbá lu ọkọ̀. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ọkọ̀ ti ń bọ̀ láti gbogbo ìhà.

Àwọn ajínigbé fẹ́ sá, àwọ̀n ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì tó ń yí lábẹ́ omi, ẹ́ńjìnì bá kú. Wọ́n yìnbọn sókè. Àwọn apẹja dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n tún dìde, wọ́n ń ṣépè pé kí àwọn tó gé àwọ̀n wá tún un ṣe. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ajínigbé ni wọ́n, ọ̀rọ̀ àwọ̀n ni wọ́n bá wá. Àwọn oníbọn rò pé gbogbo Ejinrin ti mọ àṣírí wọn, wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n sá wọgbó. Ọwọ́ tẹ méjì nínú wọn kí oòrùn tó mú, àwọn aláṣẹ ló sì wá kó wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Bàbá Músílíù ká tapólì, wọ́n rí ojú ọkọ mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ìwọ lo wá gé àwọ̀n mi?" Ọkọ mi ò lè fèsì, aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. Ìgbà tí wọ́n rí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé wọn.

Àwọn kan á ní àwọ̀n ló mú wọn, kì í ṣe àdúrà. Mo gbọ́. Ta ló ní kí Bàbá Músílíù da àwọ̀n sí ọ̀nà yẹn láàárọ̀ yẹn?

Bí ẹnikẹ́ni tó mọ ìjọba bá wà níbí, kó bá mi jíṣẹ́. Ẹ ra ọkọ̀ ńlá, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fò tó ń ya àwòrán, a dúpẹ́. Àmọ́ àwọn tó mọ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ kó ìbọn fún wọn o, torí ìbọn tí ẹ bá kó fún ọmọ àdúgbò, ẹ lè má rí i gbà padà. Ẹ fún wọn ní epo, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n á pè tí èèyàn á gbé e. Pásítọ̀, mo rí bí ẹ ṣe ń wo aago, mo ti ń parí.

Bàbá Tóyìn, ẹ dìde kí ìjọ rí yín.

Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì padà sórí omi. Ọ̀pọ̀ èrò ò sì gba ọ̀nà Ejinrin mọ́. Bí a bá fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀, àwọn ajínigbé ti ṣẹ́gun wa láìjẹ́ pé wọ́n tún yìnbọn. Lánàá, ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé òun á gúnlẹ̀ sí jẹ́tì, kò sì ní sẹ́ni tó máa wọ ọkọ̀ òun. Mo ní ó ti rí ẹnì kan ná. Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà Ejinrin. Ìjókòó iwájú ni tèmi, ìyókù ṣófo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ fi ògo fún Ọlọ́run, kí ẹni tó bá máa bá wa lọ sì nawọ́ sókè kí ọkọ mi rí i.