Ẹnubodè Ni Wọ́n Tì

Ọdún tí wọ́n ti ẹnubodè pa ni, nínú ọkọ̀ tó ń ti Ayétòrò bọ̀ ní Ìlaro, níbi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti dá wa dúró tí wọ́n ń tú ẹrù, ni mo gbọ́ tí bàbá àgbàlagbà kan ń sọ̀rọ̀ sí obìnrin kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yí igi bíríbírí, tí ọ̀bẹ ń gbẹ́ ẹ di àpótí ọlọ́mọrí. Kí ló dé tó o wá ń yí ike?"

Àpótí roboto kan wà lórí itan obìnrin náà, ó mọ́ gaara bí omi.

"Ọ̀gá, igi apá tí à ń rà láti ìhà Kétu lódìkejì ẹnubodè kò wọlé mọ́. Ṣé kí n máa wo ẹ̀rọ níran ni? Àgékù pásípẹ́sì, ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì, tí àwọn tó ń ṣe sáìńbọ́ọ̀dù ń dà nù ni mo ṣà jọ. Mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi nípọn, mo sì yí wọn."

"Igi ni iṣẹ́ wa. Ike kì í ṣe iṣẹ́."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnubodè ni wọ́n tì pa, wọn ò ti ọwọ́ mi pa."

Títí di òní, gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi. Bàbá gba àpótí náà, ó ṣí i, ó dé e, ó tún ṣí i. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ike tí èmi náà yí wò yọ́ mọ́ ọ̀bẹ ni. Báwo lo ṣe ṣe tìẹ?"

"Ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀gá níbẹ̀."