Bí Mo Ṣe Mú Jibril Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún bà mí: Jibril ti kú. Ó ti kú tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó rí fídíò kankan tó ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi Adéyọrí Fásanmí, ọmọ Ìbòkun, ni mo ṣe gbogbo fídíò wọ̀nyẹn nínú yàrá mi ní Òkè Baálẹ̀, níhìn-ín ní Òṣogbo. Mo ti jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹbí ṣì ń fi fídíò náà ránṣẹ́ síra wọn lórí Wasáàpù, wọ́n ní irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní ó kú, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ni mo ń wá. Obìnrin kan sì wà ní Iléṣà tí kò tíì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ eléyìí síta. Mi ò ní bo ara mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣépè fún mi lẹ́yìn tó bá kà á tán, kó máa ṣé e lọ, èmi náà ti ṣépè fún ara mi títí ó ti sú mi.

Nígbà tí mo dé Òṣogbo láti wá kọ́ iṣẹ́ àwòrán orí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Béjidé, mi ò mọ ẹnì kan. Ìyá mi ti kú láti kékeré mi. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbòkun kó tó fẹ̀yìn tì, fẹ́ kí n di tíṣà, ó sì bínú sí mi débi pé tí mo bá pè é, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbé fóònù. Láàárọ̀ mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, nírọ̀lẹ́ mo á padà sí yàrá, mo á mu gàárì, mo á sùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní la ẹnu sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Jibril ló yọ mí kúrò nínú ẹ̀. A jọ ń kọ́ṣẹ́ ni, àmọ́ ó ṣáájú mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán kí ojú ẹni tó ń kà á má baà dàrú, àti bí wọ́n ṣe ń gé orí olóògbé láti inú fọ́tò àtijọ́, kí wọ́n gbé e lé ọrùn ẹni tó wọ léèsì fún pósítà ìsìnkú. Lọ́jọ́ kan ó wo àwo tó wà níwájú mi, ó ní, "Adé, ṣé gàárì yìí ni wàá máa bá sọ̀rọ̀ títí ayé? Dìde, jẹ́ ká lọ sílé wa."

Ilé wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá rẹ̀, Ìyá Kàdíjátù, ń ṣe adìrẹ nínú àgbàlá, aró ti wọ èékánná rẹ̀ tí kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Kò béèrè ẹ̀sìn mi, kò béèrè ọmọ ta ni mí. Ó kàn ní, "Ṣé ó ti jẹun?" Jibril ní rárá. Ìyá ní, "Kí lẹ wá ń dúró wò?" Salmah, ìyàwó tí Jibril ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti Iléṣà, ló gbé oúnjẹ wá. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Ìbòkun ni mí, ó pariwo pé ará ilé òun ti dé, ó sì ń pè mí ní Bọ̀dá Adé láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mi ò bá ti yọjú nírọ̀lẹ́, Ìyá á ní kí wọ́n pè mí lórí fóònù. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè wá jẹun lójoojúmọ́, ẹ lè má mọ ohun tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ kò lọ bí Jibril ṣe fẹ́, ó sì gba ọ̀nà aṣálẹ̀ kó lè dé Líbíà. Kó tó lọ, ó kó gbogbo fọ́tò àti fídíò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi kí wọ́n má baà sọnù, ó sì ní nọ́ńbà mi lòun máa fún àwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Ó ní, "Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu àjèjì. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìwọ ni kó o lọ bá wọn jókòó." Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó lọ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wisdom, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, pè mí láti Agadez ní ilẹ̀ Niger. Pijin ló ń sọ, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ó ní ọkọ̀ àwọn bà jẹ́ nínú aṣálẹ̀, omi tán, Jibril kò sì lè rìn mọ́. Ó ní àwọn mùsùlùmí tó wà láàárín àwọn kírun sí i lára, àwọn sì fi iyanrìn bò ó. Ó fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́: òkìtì iyanrìn, bàtà Jibril lórí rẹ̀.

Mo lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo búra fún yín pé mo lọ láti sọ ọ́ ni. Kí n tó jókòó, Ìyá ti bu oúnjẹ síwájú mi. Ó ní, "Adé, ṣé ọmọ mi ti pè ọ́?" Salmah dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró. Mo wo ojú àwọn méjèèjì. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, èrò á kún ilé, wọn á ṣe fídáù, Salmah á ṣe opó tán á padà sí Iléṣà, òkú ni Ìyá á sì máa rántí nígbàkígbà tó bá rí mi. Ta ni yóò wá máa pè mí jẹun? Ẹ wo irú èrò tó wá sí mi lọ́kàn, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò mọ́lẹ̀! Mo ní, "Ó ti pè, Ìyá. Ó ní kí n kí yín." Ìyá ní, "Alihamudulilahi." Mo sì jẹ oúnjẹ náà tán.

Irọ́ kan kò tó. Ìyá fẹ́ rí ojú rẹ̀. Mo ní wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, pé ti ọ̀rẹ́ kan ló máa ń yá, pé nọ́ńbà mi nìkan ló sì mọ̀ sórí. Àsìkò náà gan-an ni Ọ̀gá Béjidé ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń mú àwòrán rìn. Ó ní ká wá fọ́tò èèyàn kan, ká mú un ṣẹ́jú, ká mú un sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù lo fọ́tò ara wọn. Èmi lo ti Jibril. Mo ya ojú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìpele kan fún ìpéǹpéjú, ìkan fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkan fún ẹnu. Oríṣiríṣi ẹnu ló wà nínú sọ́fútíwià náà, èyí tó padé fún m, èyí tó ká roboto fún o, àmọ́ àwọn òyìnbó tó ṣe é kò ya ẹnu kankan fún gb. Mo fi ọwọ́ ara mi ya ẹnu gb fún Jibril, kó lè pe Òṣogbo kó dùn létí. Inú mi dùn sí i bí ẹni pé iṣẹ́ rere ni mò ń ṣe. Ní ti ohùn, ó ti fi ohùn tó pọ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà ayé rẹ̀. Mò ń gé e ní gbólóhùn gbólóhùn, mò ń so ó pọ̀. Mo wá sọ àwòrán náà di bàìbàì kí wọ́n lè rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni kò dáa. Nígbà tí Ìyá wò ó, ó fi ọwọ́ ra ojú fóònù náà, ó ní, "Ó ti rù." Èmi ni mo mú un rù. Mo ti rò ó pé ẹni tó rin aṣálẹ̀ gbọ́dọ̀ rù.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan dé, mo ṣe àṣìṣe tí ọmọ mùsùlùmí kan kò ní ṣe láéláé. Mo fi ife tíì sí Jibril lọ́wọ́ nínú fídíò, kó lè dà bí ẹni pé ara ti tù ú, oòrùn sì ń ràn gan-an ní fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ife náà sẹ́nu. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Salmah ló rí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run."  Mo rò pé ó ti parí, kí n sì má purọ́, ó ń ṣe mí bíi kó parí. Ṣùgbọ́n Ìyá tún un wò, ó ní, "Onírìn-àjò ni. Ọlọ́run fún onírìn-àjò láyè. Yóò san án padà." Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ní òun ń bá ọmọ òun gbà á, bóyá iṣẹ́ kò ní jẹ́ kó ráyè. Èmi ni mo máa ń bá a jẹ oúnjẹ ìṣínu.

Mo ti dé ibi tó burú jù báyìí. Àwọn òbí Salmah ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ àwọn ti dá wà pẹ́ jù. Aláṣọ kan wà níbẹ̀, Abdullateef, tó ní òun á fẹ́ ẹ tí ọkọ rẹ̀ bá tú u sílẹ̀. Salmah dá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Kò sunkún. Ó ní, "Bọ̀dá Adé, ẹ bá mi fi ohùn mi ránṣẹ́ sí i." Ó mú fóònù mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò bínú sí yín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Tí ẹ bá máa padà wá, ẹ sọ fún mi, mo máa dúró. Tí ẹ ò bá ní padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín tú mi sílẹ̀, kí n lè lọ bí ọmọ tèmi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Mi ò tilẹ̀ ní láti jẹ́wọ́ kí ó tó gba òmìnira. Irọ́ náà gan-an lè tú u sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu Jibril tí mo yà, Salmah á di ẹyẹ tó fò lọ. Ṣùgbọ́n tí Salmah bá lọ, Ìyá nìkan ló kù, Ìyá sì ti ń sọ pé tí ilé bá ṣófo, òun á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìkìrun. Lójú ọkàn mi, mo rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Mo rí àwo gàárì mi. Mo wá inú àwọn ohùn Jibril títí mo fi rí ọjọ́ kan tí a fẹ́ jọ lọ ra páálí pósítà lọ́jà, tí ó pẹ́ dé, tí ó sì sọ fún mi pé, "Dúró dè mí, mò ń bọ̀." Mo gé e. Mo wá ibòmíràn tó ti pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, mo fi síwájú rẹ̀. Mo fara balẹ̀ ṣe ojú yẹn ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe lọ, mo tilẹ̀ jẹ́ kí omi díẹ̀ yọ lójú rẹ̀. "Salmah, dúró dè mí, mò ń bọ̀." Ó wò ó nínú àgbàlá, ó gbé fóònù náà sáyà. Abdullateef ní sùúrù díẹ̀, nígbà tó yá ó fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ń jẹun níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Kì í ṣe ìwà rere ló fọ́ mi. Bàbá mi ló kú. Ìyàwó rẹ̀ pè mí, ó ní, "Adéyọrí, máa bọ̀ ulé o. Bàbá rẹ ti lọ." Bó ṣe rí ló ṣe sọ ọ́. Mo ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún bí ọmọdé. Mo dé Ìbòkun, mo rí ojú rẹ̀, mo bu erùpẹ̀ sí i. Èmi àti bàbá mi ò bára wa sọ̀rọ̀ gidi fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ẹkún yẹn tù mí lára, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ ohun tí mo jí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìyá àti Salmah wọkọ̀ wá láti Òṣogbo wá kí mi. Ìyá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé o ti sọ fún Jibril? Sọ fún un o, kó fi fídíò kí ọ. Kò yẹ kí o wà nínú ọ̀fọ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ má bá ọ sọ̀rọ̀." Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo sọ fún ara mi pé nítorí Ìyá ni. Irọ́ ni. Èmi gan-an ni mo fẹ́ kí Jibril kí mi. Mo wá gbogbo ohùn tó fi sílẹ̀ bóyá ibì kan wà tó ti sọ pé, "Adé, pẹ̀lẹ́." Kò sí. Nǹkan burúkú kankan kò ṣe mí lójú ayé rẹ̀. Mo wo ẹnu tí mo yà, kò rí nǹkan kan sọ fún mi. Mo wá sunkún Jibril, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Wisdom ti pè mí.

Mo padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo dọ̀bálẹ̀ nínú àgbàlá, mi ò dìde títí mo fi sọ ọ́ tán. Mo fi fọ́tò òkìtì iyanrìn hàn wọ́n. Ìyá mọ bàtà náà. Kò pariwo. Ó ní, "Ìnà lilahi," ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Adé, tí èèyàn bá kú, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń pa ojú rẹ̀ dé, tó ń pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìwọ lo wà nítòsí. O wá la ẹnu ọmọ mi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá." Ó wọlé. Kò tíì pè mí láti ìgbà náà.

Ààfáà Sàláúdéènì wá kírun òkú fún Jibril láìsí òkú nílẹ̀. Ó wá fi Salmah lọ́kàn balẹ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ kú ni wọ́n ti ń ka oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó, pé tirẹ̀ ti parí tipẹ́, pé kò jẹ gbèsè opó kankan. Inú rere ló fi sọ ọ́. Salmah ní, "Ààfáà, ẹ ní mo ti ṣe opó tán. Ọjọ́ wo ni mo ṣe é? Mò ń lé làálì. Mò ń wẹ̀, mò ń ṣara lóge de fóònù."  Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Iléṣà. Mo gbọ́ pé kò tíì pa fídíò ìkẹyìn yẹn rẹ́, pé ó máa ń gbé e sétí láìwo ojú rẹ̀, àti pé àwọn kan ń sọ fún un pé kó má gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mi ò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Iṣẹ́ tó dáa ni. Mo kàn ń sọ fún yín pé bí wọ́n bá fi ìròyìn ikú rán yín, ẹ jíṣẹ́ náà bó ṣe rí, kódà kó jẹ́ pé ilé tí ẹ ń gbé e lọ nìkan ni ilé tí wọ́n ti mọ̀ yín láyé. Ìyá Kàdíjátù, mo bẹ̀ yín. Mi ò ní kí ẹ fún mi lóúnjẹ mọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa kí yín láti ẹnu ọ̀nà. Salmah, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ ọ́, mi ò sì ní wá a. Òtítọ́ ni mo ní láti fún ọ. Ọkọ rẹ kò sọ pé kí o dúró. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí páálí tí a fẹ́ rà lọ́jà. Èmi ni mo dá ọ dúró. Mo wá ń fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ báyìí: máa lọ.