Dúdú Tí Mo Fọ̀ Dànù

Òní ni màá sọ ọ́, nítorí bó bá di ọ̀la, ẹnu mi á tún ti rí irọ́ mìíràn pa. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, èmi ni mo ba èsì ìyá aránṣọ jẹ́.

Bí wọ́n bá gé ẹran bíńtín lára aláìsàn, èmi ni mo ń rì í sínú ìda, tí mo ń rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, tí mo ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì fún Ọ̀gá, dókítà tó ń wò ó. Èyí tó bá kù á wà nínú ìda náà, a ó tọ́jú rẹ̀. Bí omi tí a fi ń pa ẹran mọ́ bá ti kan, ó máa ń fi èérí dúdú sílẹ̀. Ìyá aránṣọ ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ẹran ìfun rẹ̀ dé ọwọ́ mi, dúdú ló kún inú rẹ̀. Ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, tí a ń pè ní Ọlọ́ṣẹ nítorí kì í yéé fọwọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí i. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń fọ̀ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀? Mo ní òun ló ba omi inú ìgò mi jẹ́ kí Ọ̀gá lè lé mi.

Mo fi omi tó ń ṣí èérí fọ èyí tí mo rẹ́ sórí gíláàsì. Kò ṣí. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀, torí èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ pé dúdú tí omi yẹn ò bá ṣí, ara aláìsàn ló ti wá. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo gbé èyí tó le jù, tó ń jẹ àwọ̀ ara, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun báláú.

Ọ̀gá wò ó, wọ́n ní jẹjẹrẹ ìfun tó wọ́pọ̀ ni. Oṣù méje ni wọ́n fi tọ́jú ohun tí kò ṣe obìnrin náà. Bó bá ń kọjá lójú fèrèsé wa, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni oògùn yìí ń jẹ o, kò jẹ àìsàn." Èmi á bá a rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún gé òmíràn. Ọlọ́ṣẹ ló ṣe é. Ó dúdú bí èédú. Jẹjẹrẹ dúdú tó sábà máa ń yọ lára awọ ni. Wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, abẹ́ èékánná, ẹyinjú méjèèjì, wọn ò rí nǹkan kan. Inú ìfun gan-an ló ti ṣẹ̀, ohun tí ojú kì í sábà rí, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀.

Ọ̀gá pè mí. "Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? O ò rí dúdú kankan?"

"Rárá, sà. Ẹ bi Ọlọ́ṣẹ, òun ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn."

"Gbé ìda rẹ̀ wá, ká tún un rẹ́."

"Ó ti tán, sà."

Inú àpò ẹ̀wù mi ló wà. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n lé Ọlọ́ṣẹ. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà mọ̀." Ó fọwọ́, ó lọ.

Lánàá, ìyá aránṣọ ránṣẹ́ pè mí síbi ibùsùn rẹ̀. Ó rán ẹ̀wù iṣẹ́ tuntun fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé àpò tiyín ti ya. Mo jẹ́ kí tèyí jìn dáadáa, kí nǹkan yín má baà jábọ́."

Mi ò lè fi ìda náà sínú àpò yẹn. Ó wà lórí tábìlì Ọ̀gá báyìí, pẹ̀lú ìwé yìí, dúdú rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pe Ọlọ́ṣẹ padà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ohun tí ẹ bá rí, ẹ gbé e fún ọ̀gá yín bó ṣe rí, kí wọ́n bú yín. Èébú kì í pa aláìsàn.

Mo ń lọ síbi ibùsùn ìyá aránṣọ. Ẹnu mi ni kó ti gbọ́ ọ, kó tó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.