Mo Yọ Fíltà, Mo Tún Yọ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀

Wọ́n pe ọkùnrin kan ní olè, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ǹ bá má sọ ọ́ láé, bí kì í bá ṣe ti lẹ́tà kan tó wà lórí tábìlì mi báyìí. Màá dé orí lẹ́tà náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí mi mo máa ń fo nǹkan.

Benin ni mò ń gbé, ní àdúgbò kan tó yà kúrò ní Sapele Road. Èkìtì ni mo ti wá. Mo kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní GRA. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tí mo wà nínú rẹ̀ ní oko kan lẹ́yìn ìlú, a sì jọ ra tirakítọ̀ kékeré kan fún oko náà. Ọgbà ilé mi fẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e sí. Èmi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, tí mo ń fa gíríìsì sí i, tí mo ń yẹ omi rẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Ẹni tó ń wà á ni Osaro, ọmọ Benin, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá. "Ẹ káàárọ̀" nìkan ló mọ̀, ó sì máa ń fi kí mi tọ̀sán-tìrọ̀lẹ́.

Ní Sátidé kan nínú ọyẹ́, mo ń tọ́jú tirakítọ̀ náà. Mo fa ọ́ìlì àtijọ́ dànù, mo rọ tuntun. Mo nu orí bátìrì. Mo wá ṣí ilé fíltà afẹ́fẹ́, ìyẹn ohun tó ń sẹ́ eruku kó má bàa wọ inú ẹ́ńjìnnì. Eruku ti dì mọ́ ọn lára. Bébà ni fíltà náà. Atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ sí i, wọn kì í fọ̀ ọ́. Mo mọ̀. Wọ́n kọ́ mi. Síbẹ̀ mo fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, nítorí pé ojú ń kán mi. Mo sá a sórí fẹ́ǹsì kó gbẹ. Mo wá dé ilé rẹ̀ padà lófìfo, kí aláǹgbá má bàa wọ ibẹ̀.

Osaro wà níbẹ̀. Ó wá mú kọ́kọ́rọ́ tó máa lò ní Mọ́ńdè. Ó wo orí fẹ́ǹsì, ó ní, "Oga, that one no go spoil?"

Mo bi í bóyá òun ló kàwé ẹ̀rọ ni àbí èmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì. Mo lọ. Mo gbàgbé.

Ní Mọ́ńdè, Osaro gbé tirakítọ̀ lọ sóko nígbà tí mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ó gbà pé mo ti dá fíltà padà sáyè rẹ̀. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi túlẹ̀ gbígbẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń mí eruku símú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín. Agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kú, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Mẹkáníìkì tí alága ẹgbẹ́ wa pè ṣí ilé fíltà níṣojú wa, òfo ló bá. Ó ní eruku ti jẹ inú ẹ́ńjìnnì tán.

Alága wo Osaro. Èmi wo ilẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo rí fíltà náà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ó ti jábọ́ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti ya. Mo wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e sínú yàrá ẹrù. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé. Ohun tí mo ṣe ní ìpàdé ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé Yorùbá nìkan la gbọ́dọ̀ sọ ní ìpàdé. A ṣe é nítorí àwọn ọmọ wa, tí à ń bá sọ Yorùbá tí wọ́n ń fi Píjìn dá wa lóhùn. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sọ́ńdè yẹn, wọ́n pe Osaro síwájú wa, wọ́n fi Yorùbá bi í pé ta ló ta fíltà fún. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ní kí ẹnì kan ṣe ògbufọ̀, kí òun lè rí ọ̀rọ̀ kọ sínú ìwé ìpàdé.

Alága ní, "Ẹnjiníà wa ńkọ́? Ìwọ lo mọ orúkọ gbogbo pálapàla inú ẹ̀rọ yẹn. Dìde, jàre."

Mo dìde.

Osaro ní, "I see the filter for Oga hand that Saturday. Na Oga wash am, put am for fence. Na him cover the place. Since that day I never open am." Ó sì fi àgbọ̀n júwe mi.

Ohun tó sọ ni pé òun rí fíltà lọ́wọ́ mi. Pé èmi ni mo fọ̀ ọ́ tí mo sá a sórí fẹ́ǹsì. Pé èmi ni mo dé ibẹ̀. Pé òun kò ṣí i láti ọjọ́ náà.

Ohun tí mo sọ ní Yorùbá nìyí: "Ó ní òun rí fíltà náà ní Sátidé yẹn. Ó ní láti ọjọ́ náà, òun ò ṣí ibẹ̀."

Ẹ tún un kà. Mi ò fi irọ́ kankan kún un. Mo kàn yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀ ni.

Mo rí i tí bíró akọ̀wé dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń kọ ọ́ lọ. Alága ní, "Ó gbà nìyẹn pé òun lòun rí i kẹ́yìn." Wọ́n ní kí n sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn, mo túmọ̀ rẹ̀ pátápátá, mi ò gé nǹkan kan kúrò.

Osaro kọjú sí mi. "Ẹ káàárọ̀, Oga," ó ní, ó sì jáde. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń ti ìpàdé náà bọ̀, ìyàwó mi ní, "Dádì Tóbi, kì í ṣe gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ lẹ sọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ níbẹ̀?"

"Ṣé èmi ni ẹnjiníà ni? Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Àbí Píjìn ni ẹ rò pé a ò gbọ́?"

Mo tan rédíò.

Láti ìgbà yẹn, mi ò lè jókòó sójú kan. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń ṣí fíltà jẹnẹrétọ̀ ilé wa wò, bóyá ó wà níbẹ̀. Mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ láìmọ ibi tí mò ń lọ. Bí ẹnì kan bá ń sọ Píjìn ní ọ́fíìsì, màá máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú ọkàn mi, kíkún rẹ́rẹ́, láìfo ẹyọ kan.

Lẹ́tà náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Oko ọ̀pẹ ńlá kan fẹ́ gba Osaro gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ tirakítọ̀. Wọ́n ń bi ẹgbẹ́ wa ìdí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, àti bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Akọ̀wé gbé e fún mi pé kí n dá wọn lóhùn. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ náà jù." Bí ìdáhùn bá pẹ́, wọ́n á gba ẹlòmíì.

Mo kọ ọ́, mo fà á ya, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nínú ọ̀kan mo kọ pé ó mọ ọkọ̀ wà, ó sì kúrò nítorí àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí ẹ̀yà ẹ̀rọ kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo tún ti yọ ara mi. Ìkarùn-ún ni mo kọ tán láàárọ̀ yìí, orúkọ mi sì wà nínú rẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Yóò lọ lónìí. Mo ti ránṣẹ́ sí Osaro pẹ̀lú pé kó wá sípàdé wa ní Sọ́ńdè. Kò tíì dáhùn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ wa, ẹ ó mọ ara yín bí ẹ ṣe ń ka èyí. Mo ti sọ tèmi. Alága, Píjìn lẹ fi ń bá àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Sapele Road jà. Akọ̀wé, mo ti rí yín ní Oba Market, tí ẹ ń fi Píjìn pa aláṣọ lẹ́rìn-ín títí ó fi dínwó fún yín. Ẹ gbọ́ "Na Oga wash am." Ẹ rí àgbọ̀n rẹ̀. Kí ló dá bíró yẹn dúró? Ta ló ní kó máa lọ? Ṣé nítorí pé èmi jẹ́ ọmọ yín, tí òun kì í ṣe ọmọ yín, ni ẹ fi dákẹ́? Kí ló wà nínú ìwé ìpàdé yẹn, ohun tí ẹ gbọ́ ni, àbí ohun tí mo sọ?

Màá gbé ọ̀rá dúdú náà wá sípàdé ní Sọ́ńdè. Bí Osaro bá wá, kí ẹ fi ẹnu ara yín dá a lóhùn, ní Píjìn tí ẹ gbọ́ dáadáa. Mi ò ní ṣe ògbufọ̀.