Bàtà Ọkùnrin Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi gbé ohùn sókè, ẹ yin Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù mi síta! Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, mo mọ̀ pé àwọn míì nínú yín, ibi iṣẹ́ lẹ gbà wá síbí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọkọ mi, Bàbá Tọ́pẹ́, ti lọ sinmi. Ẹ̀yin lẹ bá mi sin ín. Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kúrò nílé wa ní Rowlett, tí mo gba apartment kékeré ní Farmers Branch, nítòsí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò lè wakọ̀ lórí freeway, títì ńlá tí mọ́tò ti ń sáré kíkankíkan yẹn. Bàbá Tọ́pẹ́ ló máa ń gbé mi kiri. Tọ́pẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, ríṣẹ́ sí Chicago, ó kó lọ. Ó wá ku èmi nìkan.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí mi sí, nígbà tí bàbá mi náà lọ sinmi, ìyá mi ò gbé bàtà wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń dá gbé kì í jẹ́ kí ará ìta mọ̀. Ohun tí mo rí ni mo ṣe. Mo gbé bàtà ńlá Bàbá Tọ́pẹ́ sẹ́nu ọ̀nà apartment yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń nù ún, màá yí i padà, kó lè dà bíi pé ẹni tó ni ín jáde, ó sì tún wọlé. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá kí i látẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Tọ́pẹ́, mo ti dé o." Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà míì.

Nígbà tó yá, lease mi, ìyẹn ìwé àdéhùn ilé, fẹ́ parí. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n sún un síwájú. Mo rò pé kí n kàn fọwọ́ síwèé ni. Obìnrin tó jẹ́ máníjà níbẹ̀ ní, "Mà, a ò lè sún un síwájú fún yín." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Orúkọ ẹnìkan ló wà nínú lease, ẹni méjì ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ń rí bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà yín, wọ́n ní kì í dúró sójú kan. Aládùúgbò yín náà ń gbọ́ tí ẹ ń kí i. Ta ni?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni."

Ẹ̀yin ará, ẹnu mi ló kó bá mi. Ó ní, "Ṣé ó ń bá yín gbé?" Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíì, tí oṣù bá ti parí, kí n kó jáde.

Mo wá ilé títí. Èyí tí mo rí ní Plano, agbára mi ò ká a. Àwọn tó kù, freeway ló wà láàárín èmi àtiṣẹ́. Tí ilé yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ náà bọ́ nìyẹn. Mo pe Tọ́pẹ́. Ó ní, "Mummy, just tell them Daddy died." Ó tún ní, "You have to say it." Ọmọ mi ò mọ̀ pé mi ò tíì sọ ọ́ rí. Lédè wa, mo ń ríbi yà sí: ó ti sinmi, ó ti relé, Ọlọ́run pè é. Òyìnbó yẹn ò lè gbọ́ ìyẹn. Mo gbàdúrà. Mi ò tọrọ ilé mọ́, mo ní kí Olúwa ṣáà là mí lẹ́nu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ máníjà pé kó jọ̀ọ́, kó tẹ̀ lé mi wá wonú ilé. Ó wá. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì mi, aṣọ tí mo fọ̀ ló wà lórí ìkejì. Ife kan ló wà níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó wo yàrá, ó wo balùwẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan ló bá níbẹ̀. Ó bi mí pé, "Ọkọ yín dà?"

Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, ó ti kú. Mo ní, kò gbénú ilé yìí rí. Mo ní, èmi nìkan ni mo wà níbí. Ohùn mi ò tiẹ̀ ròkè.

Obìnrin náà gbé aṣọ kúrò lórí àga, ó jókòó. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ fún mi?" Mo ní, nílé wa, obìnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Mo po tíì fún un, ó mu ún. Láti ìgbà tí mo ti dénú ilé yẹn, òun lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga yẹn. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n wá fọwọ́ síwèé lọ́sàn-án. Mo lọ, mo fọwọ́ sí i. Ọdún kan gbáko. Ogo ni fún Ọlọ́run. Ẹ ṣé, Bàbá.

Mo délé, mo dúró láàárín pálọ̀. Mi ò rẹ́ni fi ìwé náà hàn. Inú mi ń dùn, ẹkún sì ń bọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó là mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ń dá ìṣòro gbé níbí lónìí, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ jáde. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn ló máa ń rán síni. Ẹ máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn pé, "Ìyá Tọ́pẹ́, ará ilé ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Gbogbo wọn wà, wọ́n ní kí n kí yín." Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó ní kí n kí yín. Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé.

Ọlọ́run ti fún mi ní ọdún kan sí i nínú ilé yẹn, mi ò fẹ́ dá a lò. Ẹ wá kí mi. Ẹ má wulẹ̀ fóònù kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ ṣáà kanlẹ̀kùn, mo wà nílé.