Èmi Ni Mo Pa Kọ̀ǹpútà, Kì Í Ṣe Aṣọ Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ìyá ọkọ mi ti ní àwọn ò ní wá wẹ ọmọ fún mi. Oyún inú mi ti wọ oṣù rẹ̀, wọ́n sì ní kí n wá ẹlòmíì. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò dáa, pé ọwọ́ tó pa kọ̀ǹpútà ọmọ ẹni ò yẹ kó tún kan ọmọ tuntun nínú ilé kan náà.

Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ Màmá. Èmi ni mo pa kọ̀ǹpútà yẹn. Àtìgbà tí mo ti bí Àmínà, àkọ́bí mi, ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì bí àgbo kíkorò. Ní báyìí ó ti há mi lọ́fun, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ẹdẹ là ń gbé. Iṣẹ́ fídíò lọkọ mi ń ṣe: ìgbéyàwó, wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dúdú ńlá kan, tí òun fúnra rẹ̀ tò jọ, ló fi ń gé fídíò tó sì fi ń lẹ̀ ẹ́. Bó bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, kọ̀ǹpútà á wá máa sè é, ìyẹn ni pé á máa pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di odindi fídíò kan. Sísè làwa ń pè é nínú ilé, torí ó ń pẹ́ ju ẹ̀wà lọ. Ọkọ mi á gbé àga síwájú ẹ̀, á máa wò ó. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà títí á fi jinná?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn. Ó ń wù mí kó wá jókòó tì mí, kó gba ọmọ kí n fi rí nǹkan jẹ. Mo bá pè é: "Bàbá Àmínà, ẹ wá gbé ọmọ yín o."

"Mò ń bọ̀, ó ku díẹ̀ kó jinná."

Kí díẹ̀ yẹn tó pé, ọmọ á ti sùn, á ti jí, á tún ti tọ̀ sí mi lára.

Mo parí sẹ́kọ́ńdírì. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ wa níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi yà á sójú bọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọwọ́ rẹ̀ kan máa ń ṣófo. Ọwọ́ yẹn ni mo fi ń wo fídíò lórí fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti rí ará Íńdíà kan tó ń kọ́ni béèyàn ṣe lè mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ. Ófákílọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Tẹ́ ẹ bá ní kó sáré, ata á tètè kúnná, àmọ́ ọlọ rẹ̀ á gbóná, ata á sì bá yín délé tòun ti ooru. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe rí náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi kún eré rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kún iná tó ń jẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dákú. Tẹ́ ẹ bá sì fi kún iná, á gbóná. Ará Íńdíà yẹn ní díẹ̀díẹ̀ ni, kéèyàn sì máa wo ìwọ̀n ooru rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó má kọjá ọgọ́rin.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ mi lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo pọn Àmínà, mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ bọ́tìnnì tó máa ń gbéèyàn wọ inú ìṣètò rẹ̀ kó tó jí dáadáa. Mo fi kún eré. Ojú rẹ̀ di búlúù, ó dákú. Mo padà wọbẹ̀, mo fi iná bíńtín kún un. Ó jí. Ó dúró. Mo wo ooru, kò tó ọgọ́rin. Mo lọ fọ aṣọ ìtọ̀ ọmọ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ yẹn, fídíò jinná kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ mi jáde, ó nara, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Ṣó o rí i? Eruku tí mo fẹ́ kúrò lára ẹ̀ lánàá ló ti ń dí i lọ́wọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà," ni mo wí.

Ló bá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kiri pé kí wọ́n máa fẹ́ eruku. Ẹ jọ̀ọ́, ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, mi ò bá má kọ̀wé sí yín.

Nígbà tí ìyá tó bí mi, tó kọ́kọ́ wá wẹ ọmọ, padà sílé rẹ̀ ni Màmá, ìyá ọkọ mi, dé láti ìlú Ara láti máa wẹ ọmọ. Màmá ò kórìíra mi o. Wọn ò kàn tíì yìn mí rí ni. Tí mo bá se ọbẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fọwọ́ nu àwo, wọ́n á ní, "Ó ṣeé jẹ." Ó parí.

Bí wọ́n bá wẹ ọmọ tán, wọ́n máa ń fi aṣọ yáná èédú, wọ́n á fi tẹ ọmọ níkùn kí inú má bàa run ún. Èéfín ń ta wọ́n lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ń gba ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kọjá, atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n padà. Wọ́n na ọwọ́ sí i.

"Ìyàwó mi, ẹ ní ààrò tí kì í rú èéfín nínú ilé yìí, ẹ wá ń wò mí tí mò ń sunkún nídìí èédú?"

Wọ́n ká aṣọ, wọ́n fi lé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n fi tẹ Àmínà níkùn. Àmínà sùn fọnfọn. Látọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà di ibùjókòó Màmá. Tí orúnkún bá ń dùn wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àpótí lọ. Wọ́n ń kí i láàárọ̀: "O kú iṣẹ́ o, má ṣàárẹ̀ o." Wọ́n mú ìyá kan ládùúgbò wá wò ó. "Ìyàwó mi ló mọ bí wọ́n ṣe ń dáná ẹ̀," ni wọ́n wí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ, ó yé yín. Orí mi wú.

Ó wá di ọjọ́ tí ọkọ mi ò ní fídíò tó máa sè. Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí.

"Ìyàwó mi, ààrò yín ti kú lónìí."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Màmá."

Nǹkan kan wà téèyàn ń gbé sínú kọ̀ǹpútà, tó máa fún ọpọlọ rẹ̀ ní iṣẹ́ òfo ṣe, kéèyàn fi mọ̀ bóyá ó lè fara da ooru. Mo sọ ọ́ síṣẹ́. Mo tún lọ fi iná kún iná. Kì í ṣe torí eré mọ́, torí ooru ni. Gbogbo ayé ń wá bí kọ̀ǹpútà wọn á ṣe tutù, èmi ń wá bí tèmi á ṣe gbóná.

Ó kọjá ọgọ́rin. Ó ń lọ sí ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ bó bá ti ń súnmọ́ ọn báyìí, kọ̀ǹpútà á dẹ eré fúnra rẹ̀ kó má bàa jóná. Ẹ̀yìn rẹ̀ á tutù, Màmá á sì wò mí. Ni mo bá wá ibi tí wọ́n ṣe ìdáàbòbò yẹn sí, mo pa á. Ará Íńdíà yẹn ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Màmá wí. "Báyìí ló ṣe yẹ kó máa rí."

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ọkọ mi ń sè fídíò ìgbéyàwó àwọn kan ní ìlú Awo. Màmá ti fi aṣọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà bí ìṣe wọn. A gbóòórùn bíi rọ́bà tó ń jó. Kọ̀ǹpútà dún pàá, ó kú. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn.

Ọkọ mi lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó mú aṣọ dání. Kò pariwo. "Màmá, ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí lẹ fi aṣọ dí?"

Màmá wo ọwọ́ wọn méjèèjì. "Àkànní, ṣé èmi ni mo pa á?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run ń gbọ́. Àmínà ké. Mo fi ọmú dí i lẹ́nu, mo sì fi ẹkún ẹ̀ dí tèmi náà.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ pé ibi tí iná ń gbà dé ọpọlọ rẹ̀ ló jóná, pé ooru ló fà á. Gbogbo wa wo aṣọ. Èmi náà wo aṣọ. Ẹ ò rí ojú burúkú! Aṣọ yẹn kan náà ló ti wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ kí n tó pa ìdáàbòbò, kọ̀ǹpútà ò sì kú.

Ọkọ mi bẹ Màmá títí pé kò burú. Wọn ò gbà. Wọ́n di ẹrù wọn padà sí Ara nígbà tí àkókò wọn ò tíì pé. Láti ìgbà náà, Màmá ò fọwọ́ kan nǹkan oníná mọ́. Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ẹnu ọ̀nà. Tí iṣu tuntun bá jáde, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n á ní "ti kọ̀ǹpútà yẹn ni." Mo máa ń gún un. Mo máa ń jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń dùn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọkọ mi ti ní kọ̀ǹpútà mìíì. Ó lọ́ra. Ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ láràárọ̀, ó ṣì lọ́ra. Ó ní ti àtijọ́ yẹn ló ní ìbùkún.

Ohun tó wá fọ́ mi ṣẹlẹ̀ nígbà Iléyá. Màmá wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń pín iná mú iná dé, Àmínà sì fa ìyá ńlá rẹ̀ lọ síbi ògiri pé kí wọ́n bá òun tan gílóòbù. Màmá kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. "Pe ìyá ẹ. Ọwọ́ Màmá ò dáa."

Àmínà wo ọwọ́ tiẹ̀. Ó sáré bá mi nídìí ọbẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ọwọ́ tèmi dáa?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn?

Bí mo bá kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi, àṣírí eruku tó fi ń ṣe fáàrí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tú. Ó sì lè sọ pé òun fúnra òun láá lọ sọ fún ìyá òun. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì ni Màmá á ti gbọ́. Fóònù ò sì ṣeé sọ ọ́, torí Màmá kì í di fóònù mú mọ́. Ìyàwó ilé kan ló máa ń bá wọn gbé e sétí, á sì ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ kó tó dé etí Màmá. Kí n tó pa fóònù, gbogbo ìlú Ara ti gbọ́.

Ó ku kí n lọ fúnra mi, tikùntikùn, lórí ọ̀kadà, lójú ọ̀nà yẹn. Ó ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ọ̀kadà o. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ Màmá méjèèjì lé ikùn mi, kí n sì sọ ọ́ kí wọ́n tó fà á padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún bàbá ọmọ? Ẹ̀yin ìyá ọkọ tó wà láàárín yín, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa forí jì mí? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọmọ inú mi ti yí orí sísàlẹ̀, mi ò sì mọ ọwọ́ ẹlòmíì tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́.