Ẹ̀wù Ayẹta tí Múká Wọ̀ Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbé ìbọn rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ kan tí wọ́n bí sí agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọmọ náà gbé ẹ̀wù tó wọ̀ kú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun rán ojú ihò rẹ̀ pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣépè.

Télọ̀ ni mí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mi ò sì tijú ẹ̀. Tápólì o, tẹ́ǹtì o, báàgì ṣọ́jà o, kò sí èyí tí mi ò lè rán. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè rán aṣọ tó nípọn bí awọ erin ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa júwe. Àwọn tó ka yunifásítì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ebi ló sún mi dé bẹ̀. Ìgbéraga ni.

Alájì kan ní ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúbú. Òun ni aṣojú ilé iṣẹ́ òkèèrè kan tó fẹ́ ta ẹ̀wù ayẹta fáwọn ṣọ́jà wa, ẹ̀wù tó ní àwo líle nínú, tí ọta ìbọn ò gbọdọ̀ wọ̀. Èmi rò pé bí èèyàn ṣe ń lọ Balógun lọ rajà náà ni ìjọba ṣe ń ra ohun ìjà. Alájì fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Télọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá ni. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló fẹ́ tà fún wa. Ọjà ti àkọ́kọ́ ló dáa jù, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ná, bí inú bá sì bí wọn lọ́la, wọn á ní àwọn ò tà mọ́. Ti ìkejì dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó dé, ogun á ti kásẹ̀ nílẹ̀. Tiwa yá ní tiẹ̀, kì í sì í bi èèyàn ní ìbéèrè."

Mo ní, "Alájì, ṣé tiyín le tó?"

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mo ṣe ránṣẹ́ pè ẹ́."

Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan ọjà náà ò fẹ́ ojúsàájú. Wọ́n ní kí wọ́n rán ẹ̀wù mẹ́ta tó jọra, kí wọ́n fi àwo orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà nìkan sí i lára, kí ẹni tó máa yìnbọn dán an wò má mọ ti orílẹ̀-èdè wo ni. Èmi ni wọ́n fún ní ìránṣọ náà. Alájì ní kí n pààrọ̀ àwo. Ó ní, "Àwọn ọ̀mọ̀wé ò lè ṣe é. Ọwọ́ tìẹ nìkan ló lè ṣe é tí ojú ò ní rí i. Kọngílá ìjọba ni wọn á máa pè ẹ́."

Kọngílá ìjọba! Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yẹn ló pa mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ṣọ́jà tó ń ṣọ́ àwọn àwo náà ní ṣọ́ọ̀bù mi jáde lọ kírun. Wọ́n ti tẹ́ ẹní kún títì, gbogbo àdúgbò ti forí kanlẹ̀. Èmi ò lọ. Mo kó àwo tó dáa jù sínú ẹ̀wù ti Alájì, mo fi ti Alájì sínú ẹ̀wù ti orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, mo sì rán an. Mo ń gbọ́ "Àmín" láti ìta bí mo ṣe ń já òwú.

Nígbà tí wọ́n yìnbọn, ẹ̀wù tó yẹ kó dáa jù ló lu, torí àwo Alájì ló wà nínú ẹ̀. Ti Alájì ni wọ́n yàn, èmi ni Alájì sì gbé ìránṣọ àwọn ẹ̀wù náà fún. Èmi sì ń yan fanda kiri àdúgbò pé aṣọ mi ni gbogbo ṣọ́jà ń wọ̀.

Ìgbà tó yá, Múká, ọmọ agboolé wa tó ń ṣe ṣọ́jà, wálé fún ìsinmi láti ojú ogun lókè Ọya. Ìyàwó ilé wa ni ìyá rẹ̀. Kì í pe orúkọ mi, Abẹ́rẹ́ Wúrà ló ń pè mí. Múká gbé ẹ̀wù méjì jáde ní àárín agboolé, ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ká mú èyí tó bá wù wá. Ti tẹ́lẹ̀ yìí wúwo, ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti gbà mí lẹ́ẹ̀kan. Èwo ni kí n mú?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Wúrà lo fẹ́ máa yẹ̀ wò bíi gààrí? Ó fẹ́ dójú ti ọkọ mi!"

Gbogbo ilé ń wò mí. "Mú ti tẹ́lẹ̀" ni gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ. Àyà ni mo lù. Mo ní, "Ìbọn tó máa wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi, alágbẹ̀dẹ ò tíì rọ ọ́!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Múká dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ó fi ti tẹ́lẹ̀ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀rẹ́ náà ló padà wá túfọ̀ rẹ̀ fún wa. Wọ́n jọ kó sí àárín ìbọn ni. Ọta ba òun náà láyà, kò wọlé.

Èmi ni mo tẹ́ ẹní níbi àdúà fídáù. Wọ́n ń kí mi kú ọ̀fọ̀, mo ń dáhùn.

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wù náà wá, ojú mi ló wò. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ Wúrà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn yín. Iṣẹ́ yín kọ́ ló kùnà, kádàrá ni." Ẹ̀wù náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi. Ọwọ́ mi ò gbé abẹ́rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ṣì ń kó ọjà Alájì wọlé. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà, wọ́n á tì mí mọ́lé, ẹnu aládùúgbò ni ìyá Múká á ti gbọ́. Bí mo bá sì kọ́kọ́ sọ fún un, igbe rẹ̀ á dé Tinúbú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Alájì léèyàn lẹ́yìn, wọn á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ bá?

Ẹni tó bá lọ́mọ lójú ogun ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn. Bó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó tó bú mi, kó pe ọmọ náà. Kó ní kó wọ èyí tó wúwo.